Sìn kí o tó ṣàlàyé: ààtò ìjọsìn Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ní Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló bí ìsìn, ìjọsìn àti ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá: sìn. A ń sin Ọlọ́run, a ń sin ọba, a sì ń sin adìyẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ẹran tó wà nílé ní ohun ọ̀sìn. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí gbé dání. Kò sí ẹni tó ń fi ẹnu lásán sin ewúrẹ́. Omi ni láàárọ̀, èèpo iṣu ni lọ́sàn-án, okùn ni nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́la. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ènìyàn ń ṣe níwájú Ọlọ́run, sìn ni wọ́n mú. Wọ́n fi bọ sílẹ̀ fún òrìṣà. Lónìí, abọ̀rìṣà ti di èébú lẹ́nu ọmọ ìjọ, olùjọsìn sì jẹ́ orúkọ rere.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Kristẹni Yorùbá fẹ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, wọn kò pe ara wọn ní olùsìn. Onígbàgbọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ kan tọ́ka sí ohun tí a fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, èkejì tọ́ka sí ohun tí a gbà lọ́kàn. Iléèwé Faransé ni mo lọ láti kékeré, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe gbogbo èdè ló kọ́ ògiri sí àárín nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀nà kan náà. Ohun tí àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi, «culte» ni Faransé ń pè é. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé vodun, «culte» náà ni. Èdè Ègùn kò yàtọ̀: sẹ̀n ni wọ́n ń lò fún Ọlọ́run, sẹ̀n kan náà ni wọ́n ń lò fún vodun. Yorùbá nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àwọn èdè mẹ́ta tí a fi ń gbàdúrà ní ìlú yìí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí: nínú ìgbàgbọ́ àti ìsìn, èwo ló ń ṣàlàyé èkejì? Ìjọ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí a bí ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí gbogbo ayé ń pè ní Sẹ̀lẹ́, tí ìwé ìjọba sì ń pè ní «Christianisme Céleste». Kì í ṣe ìbéèrè fún iyàrá ìkàwé nìkan. Nínú ilé kan náà ní Àjàṣẹ́, ẹ lè rí bàbá tó jẹ́ Àgùdà, ìyá tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì àti ọmọ tó wọ sùtánà Sẹ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí tí ó bá kú, ìbéèrè náà á dé: ṣé ìjọsìn Kristẹni ni ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àbí «secte»? Ọ̀rọ̀ Faransé yìí rọrùn lẹ́nu, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ẹbí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbi òkú.

Àwọn onímọ̀ nípa ìsìn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan lórí èyí. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Prosper ará Aquitaine kọ ọ́ pé òfin àdúrà ni kí ó fìdí òfin ìgbàgbọ́ múlẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọ gbà gbọ́, lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ní ọdún 1984, Aidan Kavanagh, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i: ó ní àwọn tó péjọ láti sìn ni onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run àkọ́kọ́, ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ sínú ìwé ló ṣìkejì. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nínú ìwé tí Póòpù Pius Kejìlá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1947, ó ní ìgbàgbọ́ ni kí ó máa pàṣẹ fún àdúrà, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá ààtò ìsìn sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Kò tíì pé oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1947, tí ọkùnrin kan dá ààtò ìsìn tuntun sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láì bi Róòmù léèrè. Wọn kò gbọ́ nípa ara wọn. Síbẹ̀ mo máa ń ka ọjọ́ méjèèjì pọ̀.

Ọkùnrin náà ni Samuel Biléhou Joseph Oshoffa. Wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1909, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dàgbà sí, iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi tà nínú igbó. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ ṣe sọ ọ́, ó sọnù nínú igbó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947, oṣù kan náà tí òkùnkùn bo oòrùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀sán ní apá yìí. Níbẹ̀ ni ó ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn apẹja Ègùn gbé ìjọ náà lọ sí Mákòko ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Oshoffa kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀. Ìjà ipò tó tẹ̀lé ikú rẹ̀ láàárín àwọn ti Nàìjíríà àti àwọn ti Benin, ẹlòmíràn ti kọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mo wá sọ níbí. Ohun tó wù mí láti sọ ni pé lẹ́yìn gbogbo ìjà náà, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ààtò ìsìn. Aṣáájú lè yàtọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìsìn ní Àjàṣẹ́ kò ní ṣìnà ní Kétu ti Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn fúnra wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàtà kì í wọlé. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, wọn á ka Ẹ́kísódù orí kẹta fún yín, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Mósè kí ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, nítorí pé òfin Sẹ̀lẹ́ le ju ti inú ìwé lọ. Ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà níbikíbi, ì báà jẹ́ lójú títì. Ẹ dúró ní oríta kan ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí wọn lẹ́yìn zémidjan, aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ lásán lórí irin alùpùpù. Mósè bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ tó dúró lé. Sẹ̀lẹ́ bọ́ bàtà nítorí aṣọ tó wọ̀. Ilẹ̀ mímọ́ kò dúró sójú kan mọ́, ó ń bá ẹni tó wọ aṣọ náà rìn. N kò tíì rí ìwé ìjọ náà tó sọ ọ́ báyìí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ibi tí Ọlọ́run wà ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ.

Ẹ wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Sùtánà, ọ̀rọ̀ Faransé ni, orúkọ aṣọ àlùfáà Àgùdà. Nílé ìjọsìn Àgùdà, ẹnì kan tàbí ènìyàn díẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, àwọn yòókù á wọ aṣọ tí wọ́n fi wá. Nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́, káfíńtà wọ̀ ọ́, ìyá tó ń ta àkàrà wọ̀ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta wọ̀ ọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó tọ́ Oshoffa dàgbà ń wàásù pé gbogbo onígbàgbọ́ ló jẹ́ àlùfáà; wọ́n ń wí i, síbẹ̀ aṣọ àlùfáà wọn yàtọ̀ sí ti ìjọ. Oshoffa mú ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì, ó fi aṣọ Àgùdà rán an. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ àsọdùn. Lórí funfun kan náà ni àmùrè àti ọ̀já aláwọ̀ oríṣiríṣi wà, tí ojú á fi mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọ lásán àti ẹni tó ti gun òkè. Òye ìjọ náà pọ̀, ó sì ní ìpele bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá sọ pé ìjọ tí gbogbo ènìyàn ti dọ́gba ni, ó rí aṣọ kò rí àmùrè. Ẹni tó bá sọ pé ìjọ olóyè ni, òun náà rí àmùrè kò rí aṣọ.

Nínú ilé, pẹpẹ wà ní iwájú, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń dé ibẹ̀. Ẹni tí a ti fi òróró yàn nìkan ni. Àbẹ́là méje ló wà lórí rẹ̀. Fìtílà méje inú Ìwé Ìfihàn orí kẹrin ni wọ́n ń tọ́ka sí. Tùràrí ti lọ yí ilé ká kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti wọ́n omi tí a gbàdúrà sí. Ọkùnrin jókòó sí apá kan, obìnrin sí apá kejì. Agogo á dún. Wọ́n á tan àbẹ́là pẹ̀lú orin, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀, wọ́n á forí kanlẹ̀, wọ́n á sì ké pe orúkọ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta: Jèhófà, Jésù Krístì, Máíkẹ́lì Mímọ́.

Ibí yìí ni àwọn ará ìta ti máa ń dá wọn dúró, ó sì yẹ kí a dúró pẹ̀lú. Bàbá, Ọmọ, lẹ́yìn náà… áńgẹ́lì? Níbo ni Ẹ̀mí Mímọ́ wà? Bí a bá ka orúkọ mẹ́ta náà bí ẹni ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú Mẹ́talọ́kan, wọ́n fi ìránṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí àwọn alátakò ń wí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọ kan náà ń ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, Oore-ọ̀fẹ́ tí gbogbo ìjọ Kristẹni mọ̀ ni wọ́n sì fi ń parí ìsìn. Nítorí náà wọn kò ṣàìmọ Mẹ́talọ́kan. Ohun tí mo rò ni pé a ní láti wo ibi tí ìpè náà wà nínú ààtò. Ìbẹ̀rẹ̀ ló wà. Ìpè ìwọlé ni. Ẹni tó bá ń lọ sí ààfin á kí ọba, á kí àrẹ̀mọ, kò sì ní kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè bí ẹni pé kò rí i. Nínú Ìwé Dáníẹ́lì àti Ìfihàn, Máíkẹ́lì ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ọ̀run, òun ló ń bá dírágónì jà. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án tí ìjọ náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Máíkẹ́lì ni nínú kàlẹ́ńdà àwọn Àgùdà. Bí a bá gbé gbólóhùn kan kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ìsìn, tí a tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹ̀kọ́, ó lè di àdámọ̀. Bí a bá fi í sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo mọ̀ pé àlàyé yìí kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, àlàyé tèmi ni, ìjọ náà kò rán mi níṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ìsìn náà á tú sí ọ̀nà tí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ dáadáa: orin, Sáàmù, àdúrà tí ẹni mẹ́ta ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀kọ́ kíkà méjì, ìkéde, ìwàásù, ọrẹ. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tó jẹ́ ọkàn ìsìn Àgùdà lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí Sẹ̀lẹ́ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí ìjọ mìíràn fi àkàrà àti wáìnì sí, ìran ló wà níbẹ̀. Ẹ̀mí á gbé ẹnì kan, ọ̀pọ̀ ìgbà obìnrin ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí. Ẹlòmíràn á jókòó tì í, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Iye àbẹ́là ni, Sáàmù tí a óò kà ni, iye ọjọ́ tí aláìsàn yóò fi sùn ní ilé ìjọsìn ni, èso tí a óò gbé wá ni. Ìsìn kan bí òmíràn. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, àti ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí wọ́n ń ṣe ìsìn òṣùpá tuntun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ló gba iṣẹ́ láti ẹnu aríran kan.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ «syncrétisme» fún ìjọ yìí kò jìnnà. Funfun ni àlà Ọbàtálá. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ ilé vodun. Aríran tó ń sọ iye àbẹ́là jọ babaláwo tó ń ka ẹbọ. Àwọn ìwádìí tó dára wà lórí èyí: Afe Adogame ní ọdún 1999, Albert de Surgy ní 2001, Christine Henry ní 2008, tí òun wo ààtò, òye àti àyẹ̀wò nínú ìjọ náà ní Benin. N kò bá wọn jà lórí ìjọra. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí nǹkan ti wá kò tíì sọ ohun tó ń ṣe níbi tó dé. Ẹ̀rí wà láàárín ìlú wa. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, ẹni tó bá wò ó láti ìta á rò pé ilé ìjọsìn Bàháyà ní Bràsíl ni, nítorí pé àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Bràsíl dé ló mú ọgbọ́n ìkọ́lé náà wá. Kò sí ẹni tó ń sọ pé àwọn Mùsùlùmí tó ń kírun níbẹ̀ ti di Àgùdà nítorí ògiri. Wọ́n ń bọ́ bàtà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀sìn mẹ́ta ló ń bọ́ bàtà ní ìlú yìí, kò sì sí èyí tó gbà pé òun jí i lọ́wọ́ èkejì.

Ìjọ Sẹ̀lẹ́ gan-an ló le jù sí vodun. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun ìbọ àti oògùn rẹ̀ jáde. Òfin ìjọ dárúkọ wọn pẹ̀lú ọtí, tábà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Àgùdà Benin, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, dá ìgbìmọ̀ Mewihwendo sílẹ̀ láti ronú lórí bí ìhìn rere ṣe lè fi ọgbọ́n àwọn baba wa sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n ronú, lẹ́yìn náà wọ́n mú un wá sínú ìsìn. Ní ti Sẹ̀lẹ́, òdì kejì ni: ọ̀gá kò jókòó láti ronú nípa àṣà baba rẹ̀, ó ń bá a jà, síbẹ̀ ara àwọn tó ń sìn ti mọ bí a ṣe ń dúró níwájú ohun mímọ́, ara náà sì ṣe é. Bí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó wọ ìlú jù nínú méjèèjì, ẹ lọ ka àwọn pátákó ìjọ Sẹ̀lẹ́ láti Àjàṣẹ́ dé Kútọ̀nù.

Mo ti gbè sẹ́yìn ìsìn títí dé ibí. Ó kù ibi tí gbígbè náà ti le. Bí ìsìn bá jẹ́ olùkọ́ ìgbàgbọ́, a kò lè yan èyí tó dùn mọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wọ ọgbà ìjọ. Obìnrin kì í wàásù, kì í darí ìsìn, kì í dé ibi pẹpẹ. Wọ́n á tọ́ka sí Léfítíkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún àti Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹrìnlá. Ó rọrùn fún ará ìta láti sọ pé àtijọ́ ni, kí ó sì kọjá lọ. Àwọn obìnrin kò sì pa ìjọ tì: ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, apá tiwọn ló máa ń kún jù níbi tí mo ti ń ṣe ìwádìí.

Ohun tó gbé ìbéèrè náà dìde wà nínú ààtò fúnra rẹ̀. Obìnrin tí kò gbọdọ̀ dé ibi pẹpẹ ló ríran pé àbẹ́là mọ́kànlélógún ni kí a tàn. Ọkùnrin tó wà níbi pẹpẹ ló lọ tàn án. Ẹnu obìnrin pàṣẹ, ọwọ́ ọkùnrin ṣe é. Nígbà tí mo bá bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n á ní obìnrin kọ́ ló sọ̀rọ̀, Ẹ̀mí ló sọ̀rọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí náà kò bẹ̀rù láti gba ara obìnrin kọjá. Ta ni ó wá ń bẹ̀rù ara náà nígbà tí Ẹ̀mí bá ti lọ? Aṣọ wọn náà ń bèèrè. Sùtánà funfun kan náà ni wọ́n wọ̀ fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin, Pọ́ọ̀lù sì sọ fún àwọn ará Gálátíà pé ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi ti gbé Krístì wọ̀, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fún ọdún méjìlá nínú Ìhìn Rere Máàkù, aṣọ ni ó fọwọ́ kàn, a kò sì lé e.

Kí a má purọ́, Sẹ̀lẹ́ nìkan kọ́. Àwọn Mùsùlùmíbìnrin kì í kírun ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà sì ń sé wọn mọ́ ìta. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé «àṣà wa ni» tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn fún ìjọ tó ti kó àṣà mìíràn dànù lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìdáhùn yóò bá wá, inú ìsìn ni yóò ti wá: láti inú aṣọ, láti inú ìran. Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ náà, àwọn tó ń lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ń bèèrè rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n kò sọ pé kí a pa ààtò náà rẹ́. Wọ́n ń ka ààtò náà sí ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, tí èmi ọmọ iléèwé Faransé kò lè fò kọjá. Ní ọdún 1947, Látìn ni àlùfáà fi ń ka ìsìn ní ilé ìjọsìn Àgùdà. Ọdún 1963 ni ìpàdé Fátíkàn fún èdè ilé láyè. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ń lo Ègùn àti Yorùbá tipẹ́. Oshoffa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ègùn. Yorùbá wọlé kíákíá, nítorí ìyá rẹ̀, nítorí ọjà, àti nítorí Nàìjíríà. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ Faransé. Nínú ìjọ kan ní Àjàṣẹ́, ẹ lè gbọ́ ìwàásù ní Faransé, kí ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù kí ó máa dá a padà sí Ègùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí orin tó tẹ̀lé e jẹ́ Yorùbá. Ìwàásù ìdajì wákàtí á di wákàtí kan. Àwọn kan ń ráhùn. Èmi kò ráhùn, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa èdè mẹ́ta yìí lẹ́nu àwọn ògbufọ̀ náà: wọ́n á gbọ́ «culte», wọ́n á ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yan ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi vodun ṣì.

Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n fi ń tan àbẹ́là kò sí ní Ègùn, kò sí ní Yorùbá, kò sí ní Faransé. Ìjọ náà ní èdè áńgẹ́lì ni, láti inú ìran ni ó ti wá, bó ṣe wá ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn kan máa ń fún àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ìtumọ̀, àwọn ìtumọ̀ náà kò sì dọ́gba. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà tó ti Togo dé lánàá, tí kò gbọ́ Ègùn kan ṣoṣo, mọ̀ ọ́n. Pọ́ọ̀lù, nínú orí kẹrìnlá kan náà tí wọ́n fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́, sọ pé bí a bá fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ nínú ìjọ, kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n gba gbólóhùn kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí iná bá ń ràn láti àbẹ́là kan sí òmíràn, ògbufọ̀ náà kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn yòókù, òun náà ń kọ ọ́.